Ojú kì í wọn ẹ̀jẹ̀: ẹ wá sọ ìrírí yín ní lébà wọ́ọ̀dù

Agbẹ̀bí Ọ̀yọ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Òru ọjọ́ Sátidé kan ni, nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan bí ọmọ rẹ̀ kẹrin wẹ́rẹ́, ọmọ ké, ibi ọmọ bọ́ sílẹ̀ lódindi. A kí i kú ewu, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ṣùgbọ́n ìbímọ wo ni ẹ̀jẹ̀ kì í yọ? Mo pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ "250 ml" sínú fáìlì rẹ̀, torí ohun tí gbogbo wa máa ń kọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ìgbà tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà ti tutù nini.

A wá bẹ̀rẹ̀ eré. Abẹ́rẹ́ oxytocin, tó ń mú ilé-ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wà nínú firíìjì tí iná ti kúrò lára rẹ̀ láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ò fẹ́ ooru. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí òmíràn wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. A fún un ní abẹ́rẹ́ kan, a dúró wò ó. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, a fa omi sí i lára, a tún dúró. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà níta, ó gbé fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná dání fún un.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti lọ sí sẹ́mínà rí, èyí tí a ó jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí a ó jẹ ráìsì, tí a ó gba owó ọkọ̀, tí ohun tí wọ́n sọ á sì ti fò lọ ká tó délé. Tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Inú wọ́ọ̀dù wa gan-an ni wọ́n ti ṣe é, lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Olùkọ́ wa po omi sobo, ó dà á sórí aṣọ, sórí páàdì, díẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí kálukú wò ó kó kọ iye tó rò pé ó jẹ́. Mo kọ 300. Mètírọ́ọ̀nù wa, tó ti ń gbẹ̀bí kí n tó wọ iléèwé, kọ 400. Ló bá gbé ike tó fi wọ̀n ọ́n kó tó dà á jáde: 900. Gbogbo wa dákẹ́. Èmi jáde síta, mo lọ sunkún lẹ́yìn táǹkì omi.

Ọ̀rá kan ni wọ́n fún wa, tí a ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá ní kété tí ọmọ bá ti jáde. Ó ní àpò nísàlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, ìlà sì wà lára àpò náà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ìlà 500, àríyànjiyàn ti parí. Kódà ní 300, tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà la sì ń ṣe gbogbo rẹ̀: ẹnì kan ń fọwọ́ ra ilé-ọmọ láti orí ikùn kó lè sún kì, ẹnì kejì ń gún un ní oxytocin àti tranexamic acid (oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì), ó ń fa omi sí i, ẹni tó kù ń tú àpò ìtọ̀, ó ń yẹ ojú ara wò bóyá ibì kan ya, ó ń pe ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan la máa ń ṣe ká tó wò ó bóyá ká ṣe èkejì. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú èyí ti kàn, ẹ sọ tiyín. Ọkọ, ìyàwó, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á tu ìdílé obìnrin yẹn nínú.

Nígbà tí ìyàwó mi bí àwọn ìbejì wa, ago méjì òru ni wọ́n kọ̀wé lé mi lọ́wọ́: ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi méjì, okùn tí wọ́n fi ń fa omi. Mo sáré kiri ìgboro Abẹ́òkúta, mò ń kan ilẹ̀kùn kẹ́míìsì. Ìgbà tí mo fi padà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló kù tí ẹ máa wá. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí ló tẹ̀lé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi yè é. Mo ṣì ń kí ọ̀kan nínú wọn lójúde títí dòní.

Ọmọ tó tẹ̀lé wọn, ibòmíràn la bí i sí. Mo rí àpótí kan nígun yàrá, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ni kí n lọ rà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Gbogbo ohun tí a máa sáré wá lóru ti wà nínú àpótí yẹn. Àràárọ̀ la ń kà á." Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ìṣègùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òṣìṣẹ́ Ìwádìí

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ẹ̀yin tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kì í sábà rí. Inú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE ni ètò ọ̀rá onílà tí Nọ́ọ̀sì ń sọ yìí ti gba ìdánwò. Yunifásítì Birmingham ló darí rẹ̀, ilé ìwòsàn 80 ló wọ̀ ọ́, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Obìnrin tó bímọ nínú rẹ̀ lé ní 200,000. Èmi wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rá ẹlẹ́jẹ̀ sórí òṣùwọ̀n.

Oṣù méje àkọ́kọ́, kò sí ilé ìwòsàn kankan tó gba ohun titun. Kálukú ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Ìdajì gba ọ̀rá onílà, àpótí oògùn àti ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ìdajì yòókù ń bá ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ fún oṣù méje mìíràn, ọ̀rá tí kò ní ìlà ni wọ́n sì ń lò, kí àwa ṣáà lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an.

Nọ́ọ̀sì kan níbi tí kèké ò mú bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bí ẹ bá mọ̀ pé nǹkan yìí dára, kí ló dé tí ẹ ò fún wa?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì yẹ kó dùn mí. Ìdáhùn mi ni pé a ò tíì mọ̀. A rò pé ó dára ni. Rírò yàtọ̀ sí mímọ̀, pàápàá lórí ẹ̀mí èèyàn. Ohun tí yóò sọ wọ́ọ̀dù di ibi tí wọ́n ti ń sáré jù, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ fún ẹni tí kò nílò rẹ̀, lè fara jọ ohun tó dára. Bí gbogbo ilé ìwòsàn bá sì gbà á lọ́jọ́ kan náà, tí ikú dín kù, ta ló máa mọ̀ bóyá ọ̀rá ló ṣe é, tàbí dókítà tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá? Tranexamic acid pàápàá, ìdánwò ló gbà kó tó dé inú àpótí yín: obìnrin 20,060, ilé ìwòsàn 193, orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọdún 2017 ni èsì rẹ̀ jáde, ohun tó sì fi yé wa ni pé láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n bímọ ló wúlò.

Èsì E-MOTIVE jáde ní 2023. Níbi tí wọ́n ti gba ọ̀rá onílà, nínú 100 ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù, wọ́n tètè mọ 93. Níbi tí wọ́n ti ń fojú wò ó, 51. Ẹ tún un kà. Ìdajì wọn ni ojú ò rí, ojú àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wá burú jáì, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà kan, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó bímọ níbi tí wọ́n ti gba ọ̀rá onílà, 4.3 níbi tí wọn ò ti gbà á. Nígbà tí mo rí iye yẹn, ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Òkun

Ìlú ọba ni mo wà báyìí, àmọ́ Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò kan oògùn rárá. Ó kan ẹnu.

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo rí i lójú ara mi pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kan ti pọ̀ jù. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń kọ̀wé, wọn ò tíì gbójú sókè. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà...", wọ́n ní kí n máa lọ kó aṣọ. Mo lọ kó aṣọ. Ìyá yẹn ò kú, ṣùgbọ́n tó bá kú ńkọ́? Wọ́n ti tọ́ mi láti kékeré pé a kì í sọ fún àgbà pé ó ṣìnà.

Níbí, ọdọọdún ni a máa ń ṣe ìdánrawò kan tí wọ́n ń pè ní PROMPT. Bristol ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000. Dókítà àgbà, ẹni tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun, agbẹ̀bí, olùrànlọ́wọ́, gbogbo wa pa pọ̀ la ń ṣe é, lórí ẹnì kan tó ń ṣe bí aláìsàn. Ọ̀gá àgbà á ṣàṣìṣe lójú gbogbo wa, wọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ọdún kìíní, ohùn mi ò jáde. Ọdún kejì, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ọdún kẹta, èmi ni mo kọ́kọ́ lahùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìdánrawò kò lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu náà ń kọ́ṣẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ.

Agbẹ̀bí Ọ̀yọ́

Àbúrò mi, ẹ ti sọ ohun tí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ. Ohun tí ọ̀rá yẹn ṣe fún wa nìyẹn gan-an. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kò ní láti sọ fún mètírọ́ọ̀nù pé wọn ò ríran dáadáa. "Mọ̀mí, ó ti dé ìlà" ni yóò ní. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ìlà ló sọ̀rọ̀. Mètírọ́ọ̀nù wa fúnra wọn ló ní kí a máa pariwo rẹ̀.

Ọmọ Oǹdó

Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni ìyá mi. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé ètò Agbẹ̀bíyè kalẹ̀ ní 2014, wọ́n ní kí àwọn bíi ìyá mi máa mú aláboyún lọ sílé ìwòsàn dípò kí wọ́n gbẹ̀bí fúnra wọn. Wọ́n á gba káàdì tí wọ́n lè fi gbowó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ó dun ìyá mi wọra. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ ni. Síbẹ̀, ó gbà, nítorí ó ti rí ẹ̀jẹ̀ tí ewé àti àdúrà ò dá dúró rí.

Ó mú obìnrin àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá lẹ́nu ọ̀nà jágbe mọ́ ọn pé, "Ẹ̀yin lẹ máa ń bà wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé wọn wá." Ìyá mi ò lọ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì mìíràn dé, tó fún un ní àga, tó ní "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi," ló tó padà. Bí wọ́n bá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo nǹkan tí ẹ ń sọ yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń gba àlejò pẹ̀lú. Mi ò mọ iye aláboyún tí kò débẹ̀ nínú àwọn oṣù wọ̀nyẹn.

JCHEW Òkè-Ògùn

Ẹ kú ìjíròrò. JCHEW ni mí, òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé. Ìbéèrè tèmi rèé. Ní ọdún 2023 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe gbogbo ìtọ́jú náà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa. Wọ́n kó ọ̀rá fún wa, a lò ó, ó tán. A kọ̀wé, kò tíì sí èsì. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ òru. Kí ni kí n ṣe?

Agbẹ̀bí Ọ̀yọ́

Ẹ má padà sí ojú o. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ẹ wọn aṣọ àti páàdì yín ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Tí ó bá ti rin, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ yọ ti gbígbẹ kúrò. Gíráàmù kan dà bí ìwọ̀n mílílítà kan. Kò yá tó ọ̀rá, ó sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju "250" tí mo kọ lọ. Kí abẹ́rẹ́ wà ní sẹpẹ́, kí nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ tó máa gbé yín lọ sí jẹ́nẹ́rà wà lára ògiri kan náà.

JCHEW Òkè-Ògùn

Mo ti rà á. Lálẹ́ àná, obìnrin kan bímọ níbí ní aago mọ́kànlá. Lójú mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ju 300 lọ. Mo gbé aṣọ mẹ́ta sórí òṣùwọ̀n, mo yọ ti gbígbẹ kúrò: 640. Mo gún un lábẹ́rẹ́ méjèèjì, mo fa omi sí i, ìyá ọkọ rẹ̀ ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, mo ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ti ń fún ọmọ lọ́mú.