Rédíò nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré: ibo ni kí n so wáyà dúdú mọ́?

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Lọ́kọ́ja:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wáyà dáadáa.

Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe, èèyàn mẹ́jọ ló ń gbà. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 15, èyí tí a ń fi okùn fà, ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó bá wá wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ni mo sábà máa ń gbé, nígbà mìíràn mo máa ń gbé èèyàn sọdá sí Ṣíńtàkù. Àwọn tó wá ṣe ọjọ́ ìbí àti àwọn tọkọtaya tuntun máa ń fẹ́ gbọ́ orin, fóònù wọn ò sì lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì. Mo ti ra rédíò mọ́tò tó ní Bluetooth, pẹ̀lú sípíkà méjì.

Ríwáyà tó ń tún mọ́tò ṣe ládùúgbò wa ní kí n so wáyà dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, pé bọ́dì mọ́tò ni wọ́n ń so ó mọ́ nínú mọ́tò. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ọkọ̀ náà ò tilẹ̀ ní báttìrì. Ẹ jọ̀ọ́, irú báttìrì wo ni kí n rà? Ibo ni wáyà dúdú yẹn ń lọ? Kí ni mo lè ṣe tí omi ò fi ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Bàbá Ìbejì, Kàbà:

Okun, àbúrò. Kí ló dé tí o ò kúkú ra sípíkà alágbèéká tí omi kì í wọ̀, kí o máa fi iná sí i nílé? Wò ó bóyá wọ́n kọ IPX7 sí i lára. Èyí tó bá ní in, bó bá wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ò ní wọ inú rẹ̀. Bí o bá ti gúnlẹ̀, o gbé e lọ sílé, olè ò rí nǹkan kan jí.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀:

Ẹ ṣeun, bàbá. Irú rẹ̀ ni mo ń lò báyìí. Bí èrò bá pọ̀, iná inú rẹ̀ kì í dé ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ò sì tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Èyí tí màá dè mọ́ ọkọ̀ gan-an ni mo ń fẹ́.

Ríwáyà Ìsánlú:

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, má so nǹkan kan mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn pé o kọ́kọ́ béèrè.

Irin ni bọ́dì mọ́tò, wọ́n sì ti so orí nẹ́gẹ́tíìfù báttìrì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wáyà dúdú fi ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí o bá kàn án mọ́ nínú mọ́tò. Fáíbà kì í gbé iná, pákó náà kì í gbé e. Nínú ọkọ̀ ojú omi, wáyà dúdú gbọ́dọ̀ padà lọ bá orí nẹ́gẹ́tíìfù báttìrì fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ ò ní báttìrì, nítorí náà bí o bá so ó mọ́ irin rẹ̀, rédíò ò tilẹ̀ ní tàn. Bí o bá sì wá ra èyí tó ní báttìrì lẹ́yìn ọ̀la, ariwo rẹ̀ á máa gba inú sípíkà jáde.

Èyí tó ká mi lára jù ni fíùsì. Wáyà tó ń ti orí pọ́sítíìfù jáde gbọ́dọ̀ kan fíùsì kó tó rìn ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Fíùsì tó wà lẹ́yìn rédíò, rédíò nìkan ló ń dáàbò bò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báttìrì ló ń dáàbò bo wáyà. Bí wáyà bá bó, tí pọ́sítíìfù kan nẹ́gẹ́tíìfù, báttìrì lè mú un gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi gbiná. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eléyìí ṣeré.

Ní ti wáyà rédíò, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí nìyí: yẹ́lò máa ń gba iná nígbà gbogbo kí rédíò má baà gbàgbé ohun tí o tò sí i, pupa máa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù. Funfun àti funfun onílà dúdú jẹ́ ti sípíkà iwájú lápá òsì, aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ eérú onílà dúdú jẹ́ ti apá ọ̀tún. Síbẹ̀, wo ìwé tó bá a wá. Nínú ọkọ̀ tìrẹ, so yẹ́lò àti pupa pọ̀, kí àwọn méjèèjì gba ara swíìṣì kan. Rédíò á gbàgbé àwọn ìkànnì tí o yàn, ṣùgbọ́n kò ní máa fa báttìrì ní gbogbo òru. Wáyà sípíkà ò gbọdọ̀ kan nẹ́gẹ́tíìfù báttìrì rárá, ó lè jó rédíò.

Ra wáyà 4 mm. Bí báttìrì bá fi mítà 4 jìnnà sí rédíò, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 8. Bí rédíò bá fa áńpù 10, wáyà 1.5 mm á pàdánù nǹkan bíi fólítì 0.9 sójú ọ̀nà, ohùn á sì máa já nígbà tí ìlù bá wúwo. Ní ti 4 mm, bíi fólítì 0.3 péré ni. Kó jẹ́ olókùn wẹ́wẹ́. Wáyà ilé tó ní okùn líle kan ṣoṣo, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ. Má kàn lọ́ wáyà pọ̀ kí o sì fi táàpù dúdú wé e. Fi irin ojú wáyà tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí o fi rọ́bà tó máa ń fún mọ́ wáyà tí iná bá ti rà á bò ó.

Ìyá Kẹ́mi, Ìjùmú:

Ọ̀gá ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ tèmi kò kan wáyà. Ìwọ tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ bí ẹnìkan bá kígbe, tàbí bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀. Má gbé sípíkà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kọjú rẹ̀ sí àwọn èrò, kí swíìṣì sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ á ti tó o láìdìde. Kí gbogbo wọn ti wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú rẹ náà ni olú ilé iṣẹ́ NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà lórí odò, wà, o mọ̀ pé wọn ò fàyè gba ìrìn òru lórí omi. Bí orin bá ń dùn, èrò á ní kí o ṣe díẹ̀ sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, má dá wọn lóhùn.

Awakọ̀ Adánkólò:

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ìyá Kẹ́mi sọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí báttìrì.

Má ra ti mọ́tò. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó ta ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan, bí o bá ń lò ó tán pátápátá lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún ínfátà àti sólà ni kí o rà, fólítì 12. Bó bá jẹ́ 75 Ah (ìyẹn áńpù ní ìlọ́po wákàtí), má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bí rédíò bá ń fa áńpù 3, ìdajì yẹn á gbé e tó wákàtí 12. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 50 lórí ìbòrí ọkọ̀, pẹ̀lú kọ̀ntírólà tí kò ní jẹ́ kí iná pọ̀ jù fún báttìrì láàárín àwọn méjèèjì, á máa dá púpọ̀ padà nínú ohun tí o lò bí oòrùn bá mú.

Báttìrì yẹn wúwo. Gbé e sí àárín ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó, lórí pákó tó ga ju ibi tí omi máa ń dárò sí lọ, kí o fi bẹ́líìtì dè é. Jẹ́ kó jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì epo. Kí àpótí rẹ̀ ní ihò láti òkè, torí báttìrì olómi máa ń tú gáàsì tó ń gbiná nígbà tó bá ń gba iná. Bí o bá fẹ́ bu epo, pa swíìṣì ná.

Kí rédíò àti báttìrì jẹ́ èyí tó ṣeé yọ. Gbogbo wa la rí bí omi ṣe kún ní Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ilé ni kí wọ́n máa sùn.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnìkan ní Yamaha 15 lè máa fi iná sí báttìrì fúnra rẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Bébà sì ni ojú sípíkà tí mo rà.

Ríwáyà Ìsánlú:

Àwọn kan nínú wọn ní kọ́ìlì tó ń mú iná gílóòbù jáde. Irú iná NEPA ni, ó ń lọ ó ń bọ̀, báttìrì ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba inú rẹ́kítífáyà, tó ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí fólítì ga jù. Sólà rọrùn fún ọ jù.

Dá sípíkà bébà padà bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí bébà bá ti tutù, ohùn rẹ̀ á bàjẹ́. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí ike ni kí o gbà, gbé e sókè lábẹ́ ìbòrí, kó dorí kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí omi má dúró lójú rẹ̀. Fi rédíò sínú àpótí oníke tó ní ìdérí, dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òógùn inú rẹ̀ lè ṣàn jáde. Kí wáyà kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó wọ inú àpótí, omi á kán síbẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọlé.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀:

Mo ti gbọ́. Mo máa wá wáyà 4 mm lọ sí ọjà Kpátá lọ́la. Fíùsì áńpù 10 ló wà lẹ́yìn rédíò náà. Èwo ni kí n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ báttìrì?

Ríwáyà Ìsánlú:

Fi 15 sí i. Wáyà 4 mm á gbà á láìgbóná. Fi 10 ti ẹ̀yìn rédíò sílẹ̀ bó ṣe wà, bó bá sì jó, wá ohun tó jó o kí o tó fi òmíràn sí i.