Ìtọ́jú àwọn òbí wa ní Òṣogbo: ohun tí a lè ṣe láti òkèèrè kí àìsàn tó le

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí tí ẹ wà lókè òkun, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n bèèrè nípa ìyá wọn ní Òkè-Baálẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, sọ pé owó tí àwọn ń fi ránṣẹ́ kò yọrí sí ìtọ́jú gidi. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú wa, ìdí nìyí tí ìdáhùn mi fi gùn díẹ̀.

Owó tí a ń fi ránṣẹ́ lóru, nígbà tí wọ́n ti pè wá pé ara ìyá kò yá, ni ó ń ṣòfò jù. Ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ wọn jù ni wọ́n máa sáré gbé aláìsàn lọ, wọ́n á tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò sí ìwé kankan lọ́wọ́, ẹni tí ó sì dúró tì wọ́n kò ní mọ ohun tí ó yẹ kí òun bèèrè. Ẹ jẹ́ kí dókítà kan ti mọ ìyá yín nígbà tí ara wọn ṣì le.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní tirẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí OHIS (Osun Health Insurance Scheme). Oníṣòwò àti àgbàlagbà tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba náà lè wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó san owó, ẹ rí i pé orúkọ tí ó wà lórí NIN wọn bá ti ìwé ilé ìwòsàn mu, kí ẹ sì bèèrè bóyá oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ wà lára ohun tí ètò náà ń san. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí ni pé ilé ìwòsàn kan pàtó ni ẹ máa yàn, ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti kọ ìwé tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí ó bá lọ tààrà sí UNIOSUN Teaching Hospital (àwọn òbí wa ṣì ń pè é ní LAUTECH) láìgba ìwé yìí, tí kì í sì í ṣe pàjáwìrì, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án. Nítorí náà, ẹ yan ibi tí ìyá lè fẹsẹ̀ rìn dé tàbí tí ọ̀kadà kan lè gbé wọn dé, ẹ má wo orúkọ ńlá. Ẹ tún mọ ilé ìwòsàn kan tí kì í ṣe ti ìjọba, bí irú ti àwọn ìjọ Kátólíìkì ní Jáléyẹmí, nítorí ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì.

Bí ó bá di pàjáwìrì, òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti lé aláìsàn padà fún ìdí yòówù. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ni ó wà fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó wà nílé mọ èyí, kí ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ká mi lára gan-an. Ẹ bẹ dókítà kí ó kọ orúkọ oògùn gan-an, bí amlodipine, dípò orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fi ń tà á, nítorí pé iye owó wọn máa ń yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín láìsọ fún dókítà wọn: ìyá lè máa lo oògùn kan náà lábẹ́ orúkọ méjì, kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n sì ṣubú. Ohun tí ó dára láti fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá, àti ìwé kékeré kan tí àbúrò tí ó wà nílé yóò máa kọ iye rẹ̀ sí. Ẹ máa fún àbúrò náà lówó ọkọ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun kan ní Leeds:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi kún un fún ẹni tí ó ń gbèrò láti mú òbí wá sí England fún ìbẹ̀wò. Wọ́n lè rí GP (dókítà àdúgbò) lọ́fẹ̀ẹ́, ìtọ́jú inú A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì) náà kò sì gba owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, iye tí NHS (ètò ìlera ìjọba ibẹ̀) ń ná pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ lórí ni wọ́n máa san, gbèsè tí ó bá sì tó £500 lè ṣe ìdíwọ́ fún físà wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ra adójútòfò ìrìn àjò kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sínú ìwé adójútòfò náà bí wọ́n bá ní in, nítorí pé àìsàn tí a kò bá sọ ni ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń torí rẹ̀ kọ̀ láti sanwó.