Ẹ gbà mí o: gbogbo nọ́ńbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ti rí, wọ́n á rò ó pọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Praimárì kejì ni mò ń kọ́, ọmọ 41 nínú yàrá kan. Bí mo bá kọ 8 yọ 3 sójú bọ́ọ̀dù, kíá ni wọ́n á pariwo 5. Àmọ́ ẹ wo èyí tí mo fún wọn lánàá: "Bọ́lá ní ọsàn 8. Ọsàn Bọ́lá fi 3 ju ti Kúnlé lọ. Mélòó ni ti Kúnlé?" Ọmọ 33 ló kọ 11! Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tá a bá ti rí 'ju', ká rò ó pọ̀." Ẹnu mi wọhò. Tí mo bá sì ní kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí, ariwo ọjà ni. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà kúrò ńbẹ̀. "Bọ́lá ní ọsàn, Kúnlé náà ní, ti Bọ́lá pọ̀ jù." Ó parí. Ẹ wá bi wọ́n pé ti ta ló kéré. Nígbà tí kò sí nǹkan tí wọ́n máa rò pọ̀, wọ́n á gbọ́ ìtàn tipátipá. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó mú 8 àti 3 wá.

Tíṣà Àgbà: Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo dẹ pàkúté fún tèmi: "Àgbẹ̀ kan ní ewúrẹ́ 12 àti àgùtàn 8. Ọmọ ọdún mélòó ni àgbẹ̀ náà?" Gbogbo wọn ké 20! Àfi ọmọbìnrin kan lẹ́yìn tó ní, "Tíṣà, ṣé ewúrẹ́ ló bí bàbá náà ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ní ti ariwo, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní méjì-méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba, kó kọ́kọ́ tún ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú sọ wí. Má sì tètè sọ pé "o gbà á." Kọ 11 àti 5 sójú bọ́ọ̀dù, kí àwọn tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jà fún tiwọn.

Ọmọ Ifẹ̀: Èdè wo lẹ fi ń bá wọn sọ ọ́? Ní Ifẹ̀ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò pẹ̀lú, lọ́dún 1970, fún ọdún 6 gbáko. Bí ìwé yín bá tiẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn. Èdè wa mọ "dín" dáadáa: kí ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí kò ṣe ogún tí a yọ márùn-ún nínú rẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n yí ìtàn náà sí ọ̀dọ̀ Kúnlé: "Ti Kúnlé fi mẹ́ta dín sí ti Bọ́lá." Ẹni tó bá lè yí i bẹ́ẹ̀ ti ṣe é tán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun o, Bàbá, ẹ̀yin ìyá mi, Ọmọ Ifẹ̀. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí, ìdérí igo la fi ṣe ọsàn. Ọmọkùnrin kan dìde láti gbèjà 11, ó ka ìdérí 11 síwájú Kúnlé, ó wo 8 tó wà níwájú Bọ́lá, ó dákẹ́. Ó ní, "Háà, Kúnlé ló wá ní jù." Ó lọ fúnra rẹ̀ pa 11 rẹ́. Ọmọ 9 ṣì kù tí kò yé. Lọ́la, tàwọn ewúrẹ́ yẹn ni mo máa gbé jáde.