Pákó ìfò fún mọ́tò rìmóòtù

Bàbá Ìbejì, Ṣùúlérè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kan pákó tí mọ́tò rìmóòtù àwọn ọmọ mi á máa gùn fò lójúde wa. Èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé, imú ló fi ń balẹ̀.

Káfíńtà Múṣin: Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kó má ga ju dìgírì 30 lọ. Plywood mìlímítà 6 ni kí ẹ rà, ó máa ń tẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí bọ́ńpà má baà gbá a. Ẹ kùn ún o, òjò Èkó kì í ṣàánú plywood!

Àǹtí Yábàá: Ẹ tún kan pákó ìsọ̀kalẹ̀ tí mọ́tò á máa balẹ̀ sí. Bí imú bá ń dorí kodò lófuurufú, ẹ tẹ eré sí i. Bó bá ń gbé sókè, ẹ tẹ búréèkì.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń lọ ìsọ̀ pákó lọ́la.