Sọ́kàwéè kì í fà lásìkò òjò: ṣé ewéko lè bá wa fọ omi táńkì ìgbẹ́?

AráÀjáh: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èèyàn 6 ló ń gbé ilé kan lápá Àjáh. Bójò bá ti dé, èèyàn ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kó tó kan omi, sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi táńkì ìgbẹ́ ń rì sí, kì í sì í fà mọ́. Wọ́n ní a lè fi òkúta àti ewéko fọ omi tó ń jáde látinú táńkì ìgbẹ́. Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ṣé kò ní kó ẹ̀fọn wálé?

OníPáìpù: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n táńkì oníyàrá méjì gbọ́dọ̀ ṣáájú ebè òkúta náà, ìyẹn ibi tí a mọ, tí òkúta àti ewéko máa wà nínú rẹ̀. Omi nìkan ló ń wọ ebè, ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ẹ ṣírò mítà 2 onígun mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún èèyàn 6, ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n ní mítà 6 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, kí ẹ sì rẹ́ inú rẹ̀ kó má baà jò. Ẹ má gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ níbẹ̀ yẹn o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi ilẹ̀ ń dé lásìkò òjò, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 6 rẹlẹ̀ sí apá ibi tí omi ń gbà jáde. Ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ẹ kó òkúta tó tó ìkúùkù sí i, kí omi lè tàn ká. Àárín rẹ̀ ẹ da gíráńáìtì mílímítà 10 sí 20 sí, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kí ẹ fọ gíráńáìtì náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí eruku òkúta máa ń dí ebè kíákíá.

Ìsàlẹ̀ ni páìpù ìjáde ti ń gba omi. Ẹ fi elbow (páìpù kékeré tó tẹ̀) tó ṣeé yí sí i lẹ́nu, nínú kòtò kékeré níta. Bí ẹ bá gbé e sókè, omi inú ebè á ga. Bí ẹ bá yí i wálẹ̀, á lọ sílẹ̀. Ẹ fi omi sí sẹ̀ǹtímítà 50. Bí omi bá ti wà lábẹ́ òkúta báyẹn, ẹ̀fọn ò ríbi yé ẹyin sí.

ÌyáOlóko: Ìdò (canna) ni kí ẹ gbìn, ìdí 4 nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Kí omi kọ́kọ́ sún mọ́ ojú òkúta títí tí gbòǹgbò á fi mú, kí ẹ tó fà á sílẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò ló ń jẹ ẹ̀gbin náà ní tòótọ́, nítorí náà ẹ má da bleach púpọ̀ sínú ṣálángá ìgbàlódé yín.

OníṣiròOmi: Ìwọ̀n tí OníPáìpù sọ dára. Àlàfo àárín òkúta gba nǹkan bí 40 nínú 100, omi tó wà níbẹ̀ á tó lítà 2,400. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 80 lóòjọ́, omi á lo ọjọ́ 5 nínú ebè. Àmọ́ ohun kan kù: bí ebè bá ga ju ibi tí omi ń gbà jáde nínú táńkì lọ, omi ò ní gòkè fúnra rẹ̀. Ẹ gbé táńkì sókè, tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù sí i.

AráÀjáh: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi omi tó bá jáde bomi rin ẹ̀fọ́?

ÌyáOlóko: Rárá o. Kòkòrò àrùn ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀, kó sì jìn tó mítà 30 sí kànga.

OníPáìpù: Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sójú òkúta lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó ti dí nìyẹn. Òróró ilé ìdáná tàbí táńkì tí a kò kó ìgbẹ́ inú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ kó òkúta ibẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà, kí ẹ sì ṣe kòtò tí yóò máa gba òróró sílẹ̀ kí omi ìdáná tó dé táńkì.