Kí la ó pe èémí tó ń dá lójú oorun?

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka gbogbo àbá tó wọlé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè tí àwọn olùwádìí ìṣègùn fẹ́ lò fún àwọn tó ń hanrun, tí wọn kì í sì í mí déédéé bí wọ́n bá ti sùn. Ó béèrè pé kí ni ká máa pe àìsàn náà. Àbá mẹ́rin ló jáde. Ẹnì kan ní "àìmí lójú oorun". Ẹnì kan ní "oorun afúnnilọ́rùn". Ẹ̀kẹta mú "èémí dákú-dájí" wá. Ẹ̀kẹrin ní ká má wulẹ̀ dààmú ara wa, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "sleep apnea", ká kọ "ápíníà" ká sì máa lọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún inú ìwé ìbéèrè, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Màmá mi ló kọ́kọ́ fi àìsàn yìí hàn mí, kí n tó mọ̀ pé ó lórúkọ níbì kankan. Bàbá wa a máa hanrun débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́. Híhanrun yẹn kò ba Màmá lẹ́rù rárá. Ìgbà tí ariwo náà bá lọ tán lẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Àyà Bàbá ń lọ sókè sódò, ikùn wọn ń jà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kankan ò gba imú wọn kọjá. Nígbà mìíràn Màmá á kà dé ogún kí Bàbá tó ké "hàáà", bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú odò. Wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà, híhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a mú Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí dókítà béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, Màmá ní, "Wọ́n á máa hanrun, wọ́n á wá..." Wọn ò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wà lẹ́nu wọn ni "dákẹ́". Gbogbo wa la mọ ohun tí "Bàbá dákẹ́" ń jẹ́. Ìyàwó wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú ọkọ rẹ̀?

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro orúkọ yìí wà. Etí ni Yorùbá fi ń sọ àìsàn àyà lórúkọ. Ẹ wo ikọ́ fée: "fée" yẹn ni ohun tí àyà ẹni tí ikọ́ náà ń ṣe ń dún. Àìsàn tá à ń sọ yìí, ìgbà tí kò dún ló léwu. Ọ̀rọ̀ tó sì bá ìgbà náà mu jù lọ, ikú ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ n mú àbá wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó mú "àìmí" wá ní bí àwọn Gíríìkì ṣe hun ọ̀rọ̀ tiwọn tó di "apnea" náà nìyẹn: "àì" àti "mí". Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mí mọ́ lédè Yorùbá, wọ́n ti ń wá pósí fún un. Ohun tí dókítà ń kà ní tirẹ̀ kéré gan-an: kí atẹ́gùn má wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán. Wọ́n á ka iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan oorun, wọ́n á fi iye ìgbà tí èémí kàn fẹ́lẹ́, tí kò dá tán, kún un. Bí kò bá tó 5, kò séwu. Láti 5 dé 15, ó fúyẹ́. Ó wà láàárín títí dé 30. Tó bá tó 30 sókè, ó ti le nìyẹn. Ìṣirò kan tó jáde lọ́dún 2019 sọ pé nǹkan bí 936 mílíọ̀nù àgbàlagbà, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún dé ẹni ọdún 69, ni tiwọn tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri ayé. Ènìyàn tó pọ̀ tó yẹn ò lè máa "ṣàìmí" kí wọ́n sì máa jí lọ síbi iṣẹ́.

"Oorun afúnnilọ́rùn" dùn létí, mo mọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí nípa rẹ̀ ni pé ó ti dárúkọ ọ̀daràn. Bí nǹkan bá ń fún èèyàn lọ́rùn lóru, ta ló ń fún un? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ nílé wa látọjọ́ tó pẹ́: ogun òru. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á gba ọ̀dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo lọ, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ oorun wò á sì di ìgbà mìíràn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí orúkọ àìsàn má ṣe dájọ́ ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹ rántí "kògbóògùn" tí a fi pe àrùn éèdì. Nígbà tí orúkọ náà jáde, kò sí oògùn tó ká a lóòótọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1996 ni àwọn oògùn tí wọ́n ń lò pa pọ̀ ti ń jẹ́ kí ẹni tó ní kòkòrò náà dàgbà, kó darúgbó. Orúkọ ò tẹ̀ lé oògùn. Ó ṣì ń sọ fún aláìsàn pé asán ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Lọ́dún 1956, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi ọmọkùnrin sísanra kan tó máa ń sùn ṣáá nínú ìtàn àròsọ Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Orúkọ náà ò mẹ́nu kan èémí rárá. Sísanra àti oorun ló mú kí wọ́n máa wò. Ọdún 1965 ni àwọn olùwádìí bíi Gastaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marseille nílẹ̀ Faransé, àti Jung òun Kuhlo ní Jámánì, fi ẹ̀rọ gba àkọsílẹ̀ oorun irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, tí wọ́n rí i pé èémí ló ń dá. Ó di 1976 kí Guilleminault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tó gbé orúkọ tó dá lórí èémí jáde. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tín-ín-rín náà lè ní in. Bàbá wa kò sanra.

"Èémí dákú-dájí" ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ẹni tó ti ń fara da iná mànàmáná wa tí kò ní mọ ohun tó ń jẹ́. Bí ẹ bá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí rédíò, màá lò ó láì bèṣù bẹ̀gbà. Nínú ìwé ìbéèrè ńkọ́? "Dákú" ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ìwòsàn. Ẹni tó bá sọ pé òun máa ń dákú, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n á sì béèrè bóyá wárápá ni.

Ní ti "ápíníà", mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Mọ́tò, bẹ́ẹ̀dì, kòrónà, gbogbo wọn ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn ni kòrónà gbà wọlé, àwa olùtumọ̀ kàn ń sáré tẹ̀ lé e ni. Mi ò tíì gbọ́ "ápíníà" lẹ́nu aláìsàn kankan. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ọ lọ́jà, màá kọ ọ́.

Àbá tèmi ni "èémí-dídá lójú oorun". Ohun tó ń ṣàn la máa ń sọ pé ó dá. Òjò á dá. Ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ á dá. Atẹ́gùn tó ń gba ọ̀fun wọlé náà ń ṣàn. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi lẹ́yìn pé ohun tó bá dá ti parí nìyẹn. Rárá o. Òjò tó dá láàárọ̀ lè tún rọ̀ lọ́sàn-án. Tí òjò bá parí fún ọdún náà, àgbẹ̀ á ní òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Lábẹ́ "dídá" yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Tí àyà àti ikùn bá ń jà bíi ti Bàbá wa, tí atẹ́gùn ò sì kọjá, ọ̀nà ọ̀fun ló dí: èémí ti há, bí egungun ẹja ṣe ń há ni lọ́fun. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "èémí-híhá". Èkejì ni ìgbà tí àyà fúnra rẹ̀ ò gbéra, torí ọpọlọ kò rán an níṣẹ́. Ìyẹn á jẹ́ "èémí-dídá ti ọpọlọ". Màmá mi tó jókòó nínú òkùnkùn yẹn ti rí àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ni wọn ò ní.

Ìyàtọ̀ náà kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CPAP, èyí tó ń gba inú ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó ń sùn. Ẹnì kan nínú wa ti ń pè é ní "ẹ̀rọ amúnimí". Orúkọ yẹn, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí nígbà tí kò lè dá mí ló ni ín, irú èyí tí a gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà kòrónà. CPAP kì í báni mí. Ẹ mú ọ̀rá ìpọnmi tó lẹ̀ pọ̀ nítorí omi inú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á là. Ohun tó ń ṣe sí ọ̀fun nìyẹn. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1980, dókítà Colin Sullivan fi mọ́tò ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí aláìsàn kan nímú, ọ̀fun sì là. Ó kọ nípa aláìsàn márùn-ún lọ́dún 1981. Mo dábàá "ẹ̀rọ alànà-èémí".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ìwòsàn" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀rọ yìí. Ìwòsàn ní "sàn" nínú. Ẹni tó bá bọ́ ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ òní, èémí rẹ̀ á dá lálẹ́ òní. "Ìtọ́jú" ló tọ́. Ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ SAVE, tó jáde lọ́dún 2016, kó àgbàlagbà 2,717 tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ọpọlọ tẹ́lẹ̀ jọ. Ẹ̀rọ náà mú kí híhanrun dínkù, oorun ò kùn wọ́n lọ́sàn-án tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ara wọn sì yá gágá sí i. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọ lù kò dínkù. Nǹkan bíi wákàtí 3.3 ni wọ́n ń lò ó lóru kan. Ẹni tó bá kọ "ìwòsàn" sínú ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí ti ṣèlérí ohun tí olùwádìí ò ṣèlérí.

Ibì kan wà tí èdè wa ti ṣe iṣẹ́ náà tán kí a tó dé. Ìwé ìbéèrè Epworth, tí Murray Johns ṣe ní Melbourne lọ́dún 1991, béèrè bí èèyàn ṣe lè sùn lọ tó níbi mẹ́jọ, bíi ìdí tẹlifíṣọ̀n tàbí inú mọ́tò tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá dúró. Wọ́n ṣàlàyé gan-an fún èèyàn pé àárẹ̀ lásán kọ́ làwọn ń bi í. Ọmọ Yorùbá kì í da "ó rẹ̀ mí" pọ̀ mọ́ "oorun ń kùn mí". Ẹ kọ "tòògbé" síbẹ̀, kò nílò àlàyé.

Àmì ohùn ńkọ́? Kò ṣeé fi ṣeré. Mo ti rí ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ láì fàmì sí: "emi yin maa n da loju oorun". Arúgbó tó kà á ka "ẹ̀mí", ó ní ta ló fẹ́ dá ẹ̀mí òun. Ọ̀rọ̀ èémí, ẹ̀mí àti èmi ti sún mọ́ ara wọn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oorun, oòrùn àti òórùn.

Mo gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ báyìí: "Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rí pé èémí yín dá fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ ń sùn lọ́wọ́?" Mo kà á fún Màmá lórí fóònù. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní, "èémí wọn a máa dá." Wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ku èémí tó kàn dínkù, tí kò dá. "Èémí-fẹ́lẹ́" ni mo fi dí àlàfo rẹ̀, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Kétu, kí lẹ máa ń sọ bí ọmọ bá sùn tí èémí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kan ọwọ́ tí ẹ gbé sí i nímú?