Ẹ̀yin tí ẹ ti gba owó ìrànwọ́ fún ọgbọ́n tuntun rí, ẹ wá rò ó fún wa

Àdùkẹ́ Olómi: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀rọ kékeré kan là ń ṣe, tí wọ́n á so mọ́ ẹ̀rọ omi ní àgọ́ àwọn ogunléndé, tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí omi bá ti ń dínkù. Owó là ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ẹ̀ rí, báwo ló ṣe rí?

Baba Àgbà: Àwa gbà á, irú iṣẹ́ tìrẹ yìí gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olówó ń wá ya fọ́tò, inú gbogbo wa ń dùn. Ìgbà tí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, a kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ ká fi ìyókù owó ra òmíràn. Wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn, nǹkan tuntun lowó wà fún, àtúnṣe kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn obìnrin àgọ́ padà sí odò. Inú ń bí mi títí dòní. Kí o tó buwọ́ lùwé, béèrè ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe.

Kòseémàní: Gbólóhùn yẹn náà ni wọ́n sọ fún wa!!

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dẹ́rù bà á, Bàbá. UNICEF ní owó kan tó lè tó 100,000 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké, wọn kì í sì í gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Kìkì pé kóòdù yín, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ kọ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, gbọ́dọ̀ wà ní gbangba kí ẹnikẹ́ni lè lò ó.

Atọ́nà: Gbangba kẹ̀? Kí olówó ńlá wá kó o lọ?

Ìyá Ìbejì: Bó bá kó o lọ tí àwọn mìíràn tibẹ̀ rí omi mu, kí ló dùn yín níbẹ̀?

Atọ́nà: Èmi tí mo fi òru ṣe é ńkọ́? Owó oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ gé nínú ìwé ìnáwó wa.

Ọ̀rọ̀ Sùnwọ̀n: Ẹ jẹ́ n bi yín. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ń tán lọ ní àgọ́ Bangaon ní Íńdíà, onígbáméjì sì ń pa àwọn ogunléndé. Dókítà Dilip Mahalanabis po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ní kí àwọn ẹbí máa fún wọn mu. Àwọn tó ń kú já wálẹ̀ sí bíi 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Olówó wo ni yóò fún omi oníyọ̀ lówó lónìí?

Kòseémàní: Ẹ̀rọ aláràbarà ni wọ́n fẹ́. Ní àgọ́ ogunléndé Azraq ní Jọ́dánì, 2017, ẹyinjú ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi ra oúnjẹ: ẹ̀rọ á wo ojú wọn láti dá wọn mọ̀, dípò káàdì.

Alápínlẹ̀: Mo ti bá wọn pín oúnjẹ ní ibi tí wọ́n ti ń lo ẹyinjú. Ìlà kúrú, kò sí ẹni tó ń jí káàdì ẹnikẹ́ni.

Kòseémàní: Ta ló lè sọ pé òun kò fẹ́ nígbà tí ebi ń pa á?

Alápínlẹ̀: Ìyẹn náà le o.

Baba Àgbà: Ní Istanbul ní 2016, àwọn olówó àti àwọn àjọ ìrànwọ́ ńlá ṣèlérí pé tó bá fi di 2020, ìdámẹ́rin owó ìrànwọ́ yóò máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kò ṣẹ.

Àdùkẹ́ Olómi: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Irú bátìrì wo ni kí n lò?

Baba Àgbà: Èyí tí ará àgọ́ lè rí rà nítòsí. Kí o sì kọ́ àwọn obìnrin tó ń pọnmi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Kọ owó ẹ̀ sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò máa san án.

Atọ́nà: Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí owó oṣù o.